Ta Ló Gbin Ọ̀pẹ Sórí Ilẹ̀ Tí Hàwáù Tọrọ?

Kí Hàwáù tó kí ẹnikẹ́ni láàárọ̀, ilẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wò. Bí ó bá ti kírun tán, yóò ró ìró rẹ̀ dáadáa, yóò ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, yóò sì tẹjú mọ́ ipa ẹsẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà oko. Ó mọ ti ewúrẹ́ yàtọ̀ sí ti àgùntàn. Ó mọ ti ẹni tó wá já ẹ̀fọ́ ara rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tó wá já ti ẹlòmíràn, nítorí ó ní ẹni tó mọ̀ pé òun kò jalè kì í yọ́ ẹsẹ̀ rìn. Àwọn ará àdúgbò a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ká ní ó jẹ́ ọkùnrin ni, ọlọ́pàá ni ì bá ṣe. Kì í bínú. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ẹni tó ń jẹun lórí ilẹ̀ onílẹ̀, ojú kan ló gbọ́dọ̀ máa fi sùn."

Àárín ìlú Òkìtìpupa, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, gan-an ni oko náà wà; kì í ṣe oko tí ènìyàn ń gun ọ̀kadà lọ. Ilé wà níwájú rẹ̀, ilé wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń lẹ táyà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà kan, ilé amọ̀ tí bàbá onílẹ̀, Bàbá Adéjọbí, kọ́ ló wà níbẹ̀. Ilé náà wó, igbó bò ó, àwọn ènìyàn sì sọ ọ́ di ààtàn.

Pupuru ni Hàwáù ń ṣe tà. Yóò rẹ ẹ̀gẹ́ sómi, yóò fún omi rẹ̀ dànù, yóò mọ ọ́n roboto, yóò sì tò ó sórí àjà èéfín títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi dúdú. Ọdún tí epo mọ́tò wọ́n, tí ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀fọ́ àti ata wá sí ọjà kò wá déédéé mọ́, ó ṣàkíyèsí pé àwọn ìyá ń ra pupuru lọ́wọ́ òun, wọn kò sì rí ohun tí wọn yóò fi jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Irú kí lèyí? Òjò ń rọ̀ lé wa lórí láti oṣù dé oṣù, ilẹ̀ wa lọ́ràá, a sì jókòó ń retí ọkọ̀ kí a tó jẹ ewé! Ó gbé pupuru sínú abọ́, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Adéjọbí, ó ní kí ó jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun máa ro ààtàn náà.

Bàbá Adéjọbí kò pẹ́ kó tó dáhùn. "Gbin ohun tí o máa kórè tán láàárín ọdún," ó ní. "Ewé, ilá, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, n kò bá ọ jà sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n igi o! N kò fẹ́ rí ọsàn, n kò fẹ́ rí kòkó. Ọ̀pẹ ńkọ́? Má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀."

Hàwáù kò béèrè ìdí. Kò sí ọmọ Ìkálẹ̀ tí a máa ṣàlàyé èyí fún lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó gbin ẹ̀gẹ́ sórí ilẹ̀ ẹni yóò wú u, yóò bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó gbin ọ̀pẹ yóò kọ́kọ́ ní "ọ̀pẹ mi". Ọmọ rẹ̀ yóò ní "oko bàbá mi". Ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò sì ní kí onílẹ̀ wá fi ẹ̀rí hàn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń yá ènìyàn ní ilẹ̀ ewé, tí a kì í yá a ní ilẹ̀ igi. Bákan náà ni ẹni tí kì í ṣe onílẹ̀ kò gbọdọ̀ fa ọ̀pẹ tó bá lórí ilẹ̀ náà tu, nítorí kò mọ ọ̀pẹ ẹni tó jẹ́. Ọ̀pẹ tí a tu láìbi ẹnikẹ́ni léèrè, ẹjọ́ ló ń so.

Báyìí ni Hàwáù ṣe kó pàǹtí kúrò, tó ṣán ilẹ̀, tó kọ ebè. Ṣùgbọ́n ọwọ́ obìnrin kan kò ká a. Ó pe aládùúgbò rẹ̀, Mọ̀rìdíyà, Mọ̀rìdíyà pe àwọn mìíràn, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, títí olúkúlùkù fi ní ebè tirẹ̀. Ẹni tó bá bímọ, àdúgbò ló ń já ẹ̀fọ́ fún un títí yóò fi lè jáde. Arúgbó tí kò lè tẹ̀ mọ́, a ó ká ilá lọ bá a nílé. Wọn kì í ra irúgbìn mọ́ rárá. Òkè àjà Hàwáù, níbi tí èéfín pupuru ń gbà kọjá, ni wọ́n ń so orí àgbàdo àti ilá tó ti gbó kọ́ sí, kí kòkòrò má baà dé ibẹ̀. Bí ọkọ̀ wá, wọn yóò kí ọkọ̀. Bí kò wá, wọn yóò jẹun.

Àwọn tó ń jẹ láti inú oko náà pọ̀, bẹ́ẹ̀ orúkọ ẹnìkan ṣoṣo ni onílẹ̀ mọ̀. Bí nǹkan bá bàjẹ́, Hàwáù ni wọn yóò mú, gbogbo wọn ni ebi yóò sì pa. Ohun tí kì í jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nìyẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí, ó lọ wú ẹ̀gẹ́ ní ìpẹ̀kun oko, níbi tí ẹ̀gẹ́ èṣí ti ga ju orí ènìyàn lọ. Ó kọjá ìlà ẹ̀gẹ́ tó kẹ́yìn, ó sì dúró gbagidi. Ọ̀pẹ mẹ́ta wà níwájú rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀pẹ tí ẹyẹ gbé èkùrọ́ rẹ̀ jù sílẹ̀ tó hù fúnra rẹ̀. Ẹnìkan ti tọ́ wọn dàgbà níbòmíràn kó tó kó wọn wá. Ìdí wọn mọ́ tónítóní, a sì fi wáyà oníhò yí ìkọ̀ọ̀kan ká kí òkété má baà jẹ ẹ́.

Hàwáù wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó na ọwọ́ sí ọ̀kan, ó tún fà á sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan ejò. Bí òun bá fà á tu, òun ti tu ọ̀pẹ lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tòun. Bí òun bá fi í sílẹ̀, ta ni yóò gbà pé kì í ṣe òun ló gbìn ín?

Ó gbàgbé ẹ̀gẹ́ tó wá wú. Ó lọ bá Mọ̀rìdíyà nílé, ó fà á wọ ilé ìdáná.

"Ṣé ó dá ọ lójú pé ọ̀pẹ ni?" Mọ̀rìdíyà béèrè.

"Ọmọ Ìkálẹ̀ wo ni kò mọ ọ̀pẹ?"

"Mo ní bóyá àgbọn ni."

"Bó bá ṣe àgbọn, ṣé ìyẹn kì í ṣe igi?"

Mọ̀rìdíyà fi ìka sẹ́nu. "Philemon ni," ó ní nígbà tó yá. "Mo fi Ọlọ́run búra, Philemon ni."

Philemon ni àkọ́bí Bàbá Adéjọbí. Àkúrẹ́ ló ń gbé. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ládùúgbò pé ó ti pẹ́ tó ti ń sọ fún bàbá rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí ilẹ̀ náà, bàbá náà kò sì gbà, ó ní òun ti fi ẹnu òun yá obìnrin kan.

"Bí ó bá gbin ọ̀pẹ síbẹ̀," Mọ̀rìdíyà ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "tó wá fa bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ wá wò ó, tó ní, 'Ẹ wo obìnrin tí ẹ fún ní ilẹ̀ ewé,' kí lo fẹ́ sọ?"

"Philemon kò tíì wálé láti ọdún Àjíǹde èṣí."

"Ẹni tí kò wálé kò lè rán ènìyàn ni?"

"Ta ni yóò rán?"

Mọ̀rìdíyà yọjú sẹ́nu ọ̀nà. Ó fi ètè tọ́ka sí ilé kan ní òdìkejì ọ̀nà. Ilé Philemon ni, Juliet ló sì háyà yàrá níbẹ̀.

Juliet kò tíì pẹ́ ládùúgbò. Ọmọ Ìlútítun ni, ọkọ rẹ̀ ń mọ búlọ́ọ̀kù. Ó ti bẹ̀ wọ́n fún ebè kan, wọ́n sì fún un. Ó máa ń dé oko ṣáájú àwọn yòókù, kì í bá wọn fọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ṣe àsọrẹ́rìn-ín, yóò ṣe tirẹ̀ tán, yóò kí wọn, yóò lọ. Títí di ọjọ́ náà, Hàwáù rò pé ìtìjú ló ń ṣe é. Nísinsìnyí, gbogbo rẹ̀ wá rí bákan lójú rẹ̀. Kí ló ń wá lóko kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa? Kí ló dé tí kì í sọ̀rọ̀? Ìlútítun ńkọ́, ṣé kì í ṣe ìlú elépo ni? Níbo ni ọ̀pẹ ti pọ̀ ju ibẹ̀ lọ?

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Bí Juliet bá tẹ̀ láti já ewé, Hàwáù yóò tẹ̀ lórí ebè tirẹ̀, yóò máa wò ó láti abẹ́ apá. Ní ọjọ́ kan tó ń kọjá lẹ́yìn ilé Juliet, ó yọjú lórí ọgbà, ó sì rí àwọn náílọ́ọ̀nù dúdú tí wọ́n bu iyẹ̀pẹ̀ sí, tí wọ́n tò sábẹ́ ìbòòji. Ó nàgà wò wọ́n dáadáa. Irú náílọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ ni a fi ń tọ́ ọmọ ọ̀pẹ.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn obìnrin pé jọ sídìí kànga tí wọ́n fi ń bomi rin oko. Hàwáù kò fẹ́ dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti kún ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ó ń fa omi, ó ń bá garawa sọ̀rọ̀.

"Àwọn kan wà nílé ayé yìí," ó ní, "bí a bá fún wọn ní ibi ìjókòó, wọn a béèrè ibi ìdùbúlẹ̀."

"Wọn a tún béèrè ìrọ̀rí," Mọ̀rìdíyà dáhùn.

"Ìrọ̀rí nìkan? Wọn a ní kí onílé wá máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí àwọn!" ẹlòmíràn ní. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Juliet gbé garawa rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyá Rùkáyàt," ó ní. Bí wọ́n ṣe ń pe Hàwáù nìyẹn. "Ẹ̀yin ni àgbà. Bí ó bá jẹ́ ewúrẹ́ lẹ ń bá wí, ẹ pe ewúrẹ́. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, mo lórúkọ."

"A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

"Ẹ kò dárúkọ, mà, ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló wà lára mi. Láti ìjẹta ni mo ti ń rí i. Mo tẹ̀, ẹ tẹ̀. Mo dìde, ẹ dìde. Ṣé ìrun la jọ ń kí ni?"

Ẹnìkan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Hàwáù wá sọ ọ́ gbangba. "Kí lo ń fi náílọ́ọ̀nù dúdú tó wà lẹ́yìn ilé rẹ ṣe?"

Juliet ti garawa rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ wá wò ó," ó ní, ó sì yí padà.

Wọ́n tẹ̀ lé e. Ó ká aṣọ ìbòòji sókè. Ata ni, ata rodo kéékèèké, ewé wọn ń dán. "Àwọn tí mo gbìn sóko lákọ̀ọ́kọ́ kú," ni Juliet wí. "Mo ní kí n kọ́kọ́ tọ́ ìwọ̀nyí nílé kí wọ́n lágbára, kí wọ́n má tún lọ kú lójú yín, kí ẹ má baà ní ọwọ́ mi kò dára. Mo fẹ́ kó kárí gbogbo ebè."

"Ata yìí mà dára o," Mọ̀rìdíyà ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Hàwáù fọwọ́ kan ewé kan.

"Kí lẹ rò pé ó jẹ́?" Juliet béèrè. Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó ní kí wọ́n mú òun lọ síbi ọ̀pẹ náà. Hàwáù nìkan ló bá a lọ. Àwọn yòókù ti fọ́n ká, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀.

Juliet dúró láàárín ọ̀pẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì. "Bàbá mi lọ́pẹ ní Ìlútítun," ó ní. "Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá dé ló ń gbìn ín sí. Èyí yàtọ̀, mà. Wọ́n wọ̀n ọ́n ni. Láti èyí sí èyí, láti èyí sí tọ̀hún, ọgbọọgba ni, bí ààrò mẹ́ta. Àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ní oko ọ̀pẹ ńláńlá ló ń gbìn ín báyìí. Okùn ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Àwọn náà ló sì ń fi wáyà yí i ká."

Hàwáù fà sẹ́yìn díẹ̀. Ó tún wo ọ̀pẹ náà. Ó rí i bí ààrò mẹ́ta lóòótọ́, ó sì yà á lẹ́nu pé ojú òun, tó ń rí gbogbo ẹsẹ̀ tó kọjá, kò rí i.

"Ṣé ẹ mọ ẹnìkan tó ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí?" Juliet béèrè.

"A ó máa wò ó," Hàwáù ní. Ó gba ilé rẹ̀ lọ.

Rùfáì, ọkọ rẹ̀, wà lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì, ó ń hun apẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ lébìrà ni Rùfáì ṣe ní oko ọ̀pẹ kan láti ìgbà ọ̀dọ́ títí orúnkún rẹ̀ fi yẹ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Láti ìgbà tí Hàwáù ti ń dá oko ìlú yìí, kò tíì bi í léèrè ohunkóhun nípa rẹ̀; ohun tó bá sè ló ń jẹ.

"Bàbá Rùkáyàt," Hàwáù ní, "okùn yín dà?"

"Okùn wo?"

"Okùn tí ẹ fi ń wọnlẹ̀ nígbà tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́."

Rùfáì ń hun apẹ̀rẹ̀ lọ. "Ó wà níbì kan."

"Ẹ bá mi mú un wá."

Ọwọ́ Rùfáì dúró. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "O ti rí i," ó ní.

"Mo ti rí i. Kí lẹ ṣe yìí? Ẹ mọ̀ pé a kò gbọdọ̀ gbin igi síbẹ̀! Ẹ mọ̀ ju èmi lọ!"

"Nítorí mo mọ̀ ni mo ṣe gbìn ín." Kò gbé ohùn sókè. "Hàwáù, gbogbo ọjọ́ tí mo fi lágbára, ọ̀pẹ ẹlòmíràn ni mo gbìn. Mo gbìn ín títí ó fi kọjá ibi tí ojú mi ká. Kò sí ẹyọ kan tí mo lè gbá lára kí n ní tèmi nìyí."

"Ṣé orí ilẹ̀ tí wọ́n fi ṣàánú wa lẹ ti wá fẹ́ gbá a lára?"

"Àánú! Nígbà tó jẹ́ ààtàn, ta ló ń pè é ní ilẹ̀? Ìwọ lo fi orí ru pàǹtí ibẹ̀. Bàbá Adéjọbí ti darúgbó. Lọ́jọ́ tí kò bá sí mọ́, Philemon yóò lé yín bí ẹní lé adìẹ. Kí lẹ fẹ́ fi hàn? Ẹ̀fọ́? Ẹ̀fọ́ kò lè bá ènìyàn rojọ́. Ọ̀pẹ lè bá ènìyàn rojọ́. Bí igi wa bá wà níbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ jókòó bá wa sọ̀rọ̀."

Hàwáù fìdí lé àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Òun náà ti ro irú rẹ̀ rí, nígbà tó ń ro ebè tí oòrùn ń pa á lẹ́yìn: ọwọ́ ta ni oko yìí yóò kù sí?

"Ẹlòmíràn ni wọ́n ti ń fura sí ládùúgbò," ni Rùfáì wí. "Mo ń gbọ́ wọn. Ìwọ ṣáà dákẹ́."

Ó dákẹ́ lóòótọ́. Ó dákẹ́ lọ́jọ́ náà, ó dákẹ́ lọ́jọ́ kejì. Juliet kò wá sóko mọ́. Ebè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hu koríko, àwọn obìnrin sì ń sọ pé ẹni tí kò bá mọwọ́mẹsẹ̀ kì í sá. Bí wọ́n ti ń sọ ọ́, Hàwáù ń fa omi. Nígbà mìíràn a ṣe é bíi pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Bóyá Juliet mọ̀ pé Rùfáì ni. Bóyá ṣe ló ń dúró kí ó lọ sọ fún Philemon. Bí ọkàn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura, kì í mọ ibi tí yóò dúró sí.

Nígbà tí kò lè gbé e mọ́, ó sọ fún Mọ̀rìdíyà.

Mọ̀rìdíyà dìde. Ó bojú wẹ̀yìn. "Dákẹ́ sí i," ó ní. "Juliet ayálégbé ni. Lọ́jọ́ kan yóò kẹ́rù rẹ̀ lọ. Ọkọ tìrẹ kò ní kẹ́rù lọ. Philemon sì ń bọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni. Bí ó bá béèrè, gbogbo ẹnu ti mọ orúkọ tí yóò pè."

Ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ ni. Hàwáù gbé e lọ sílé, ó yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni yẹ ẹyin wò. Ó rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí òun bá jẹ́ kí Juliet ru ẹ̀bi yìí, ilẹ̀ lè ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n kò tún sí obìnrin tí yóò tẹ̀ lórí ebè níbẹ̀ láìbojú wẹ̀yìn. Olúkúlùkù yóò máa ronú pé lọ́la ó lè kan òun. Ọjọ́ mélòó ni irú oko bẹ́ẹ̀ yóò lò? Rùfáì náà, bí ọ̀pẹ yẹn bá ti gbé ewé sókè, ṣé yóò ní ti àdúgbò ni, àbí yóò ní tòun? Ó wo ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń jẹun. Kò mọ èsì rẹ̀. Ìyẹn ló bà á lẹ́rù jù.

Bàbá Adéjọbí wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gbọ́ rédíò. Hàwáù kúnlẹ̀.

"Bàbá, ọ̀pẹ wà lórí ilẹ̀ yín."

Arúgbó náà yí rédíò wálẹ̀. "Ta ló gbìn ín?"

"Ọkọ mi ni."

"Òun ló rán ọ?"

"Rárá o, Bàbá. Kò mọ̀ pé mo wá."

"Kí ló dé tí o kò fà á tu, kí ọ̀rọ̀ parí?"

"Kì í ṣe èmi ni mo nilẹ̀, Bàbá."

Bàbá Adéjọbí mi orí. Kò pariwo, kò sì ṣe hà. Hàwáù gbé ojú sókè wò ó, ìfura rẹ̀ sì tún dìde: ṣé ọkùnrin yìí kò ti mọ̀ ṣáájú? Ṣé kò ti jókòó síhìn-ín ń wò wọ́n, kí ó lè mọ ẹni tí yóò sọ̀rọ̀? Kò lè bi í. Bàbá ní kí ó máa lọ, òun ń bọ̀.

Ó dé lóòótọ́, òun àti Philemon. Gbogbo àdúgbò tú jáde. Philemon rí ọ̀pẹ náà, ó lu àtẹ́lẹwọ́.

"Bàbá, ṣé mo sọ àbí n kò sọ? Ilẹ̀ ewé lẹ fún wọn, wọ́n ti sọ ọ́ di ilẹ̀ igi! Ẹ jẹ́ kí wọ́n kó ẹ̀fọ́ wọn kúrò níbí lónìí."

"Sùúrù," bàbá rẹ̀ ní. "Ta ló wá sọ fún mi pé ọ̀pẹ wà níbí? Ṣé ìwọ ni?"

Philemon tún wo ọ̀pẹ náà.

"Rùfáì, ẹni tó gbìn ín ni yóò wú u."

Rùfáì mú ṣọ́bìrì. Kò wo Hàwáù. Ó kó wáyà kúrò, ó sì ń wa ìdí ọ̀pẹ náà jẹ́jẹ́, kí iyẹ̀pẹ̀ má baà tú kúrò lára gbòǹgbò, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nígbà èwe rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò sún sẹ́yìn fún un. Mọ̀rìdíyà pàápàá kò rí àwàdà ṣe. Nígbà tó gbé ẹ̀kẹta sókè, orúnkún rẹ̀ kọ̀, ẹni tó ń lẹ táyà ló dì í mú.

Bàbá Adéjọbí wá kọjú sí àwọn obìnrin. "Àṣìṣe tèmi ni pé mo fún yín lọ́fẹ̀ẹ́," ó ní. "Ohun tí a gbà lọ́fẹ̀ẹ́, a kì í mọ ibi tó parí sí. Láti ọdún yìí lọ, ẹ ó máa san ìṣákọ́lẹ̀. N kò fẹ́ owó. Àgbàdo tuntun, ewé, ata, àti pupuru Hàwáù. Ní gbangba lẹ ó ti máa gbé e wá. Philemon ni yóò sì máa gbà á lọ́wọ́ yín."

"Èmi kẹ̀?" Philemon ní.

"Ìwọ. Ṣé ìwọ kọ́ ni àkọ́bí mi?"

Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ wo ara wọn. Ohun tó ṣe yé wọn. Ẹni tó bá ń san ìṣákọ́lẹ̀ ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ilẹ̀ kì í ṣe tòun, láéláé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbà á kò lè jí lọ́jọ́ kan kí ó ní òun kò mọ ẹni tó ń ro ilẹ̀ náà, kò sì lè lé e láìṣẹ̀. Rùfáì gbọ́ ọ. Ó gbé ọ̀pẹ rẹ̀ sórí bárò, ó tì í lọ sílé.

Bàbá ní òun fẹ́ ẹnìkan tí kì í ṣe ẹbí Hàwáù kí ó ṣe ẹlẹ́rìí fún àwọn obìnrin. Hàwáù yí padà sí Juliet, tó dúró lójú ọ̀nà. "Ìyá Jésùtómi, mo fi ẹnu mi ṣe ọ́ níkà," ó ní lójú gbogbo wọn. "Ọ̀rọ̀ náà ti yé mi láti ọjọ́ tí o fi ààrò mẹ́ta hàn mí, mo sì dákẹ́. Dárí jì mí. Jọ̀wọ́, ìwọ ni kí o ṣe ẹlẹ́rìí wa."

Juliet wo ojú rẹ̀. "Mo ti gbọ́, mà," ó ní. "Ẹ wá ẹlòmíràn. N ó padà sí ebè mi, nítorí àwọn ọmọ mi ń jẹun. Ṣùgbọ́n n kò lè ṣe ẹlẹ́rìí ẹni tó ń ṣọ́ mi."

Mọ̀rìdíyà ló ṣe é.

Nígbà tí àgbàdo gbó, wọ́n di apẹ̀rẹ̀ ìṣákọ́lẹ̀ àkọ́kọ́, Hàwáù sì rù ú lọ sílé Bàbá Adéjọbí. Juliet fi ìpín tirẹ̀ rán Mọ̀rìdíyà, kò wá fúnra rẹ̀. Rùfáì wá, ó dúró lẹ́yìn, ó ká ọwọ́ gbera. Bàbá Adéjọbí jókòó sórí àga ní iwájú ilé, Philemon sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń tẹ fóònù.

"Gbé e kalẹ̀ síbẹ̀ yẹn, Ìyá Rùkáyàt," ó ní, ó fi ojú tọ́ka sílẹ̀.

"Rárá o, ọmọ mi," ni Hàwáù wí. "A kì í gbé ìṣákọ́lẹ̀ kalẹ̀. A máa ń gbà á ni."

Àwọn obìnrin sún mọ́ iwájú. Philemon wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń wo òkè bí ẹni tó ń retí òjò. Philemon ti fóònù bọ àpò. Ó na ọwọ́ kan. Hàwáù kò mira. Ó na ọwọ́ kejì. Apẹ̀rẹ̀ náà wúwo, ọrùn Hàwáù ń gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò fi í sílẹ̀, àfi ìgbà tó rí i dájú pé ọwọ́ Philemon méjèèjì ti wà lábẹ́ ìdí rẹ̀.